Olóòtú inú orí mi ò jẹ́ kí n kàwé, kò sì jẹ́ kí n kọ̀wé. Kí lẹ ń ṣe sí tiyín?

Àtúnkà_Ṣómólú kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé.

Iṣẹ́ àtúnkà ni mo ń ṣe ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé orin ìjọ, ìwé ọmọ iléèwé, káléńdà ẹgbẹ́, ètò ìsìnkú, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ní èdè Yorùbá, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lẹ́tà kan ṣoṣo fo ojú mi dá nínú ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan. Orúkọ ìyá náà gan-an ni. Ẹ̀dà 300 la ti tẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ mú ọ̀kan dání, ó fi ìka lé orúkọ náà, kò pariwo, ó kàn ń wò mí. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ò ti sinmi mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú yìí ò mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Mo délé lálẹ́, mo gbé Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ẹ̀dà àtijọ́, mo fẹ́ kà á bí mo ṣe kà á nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Dípò kí n bá Àkàrà-oògùn wọ igbó, "nwọn" ni mo ń rí, mo ń sọ ọ́ di "wọ́n". "Aiye" ni mo ń rí, mo ń sọ ọ́ di "ayé". "Enia", "yio", "on", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ka ojú ìwé méjì tán, n ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ti kíkọ ló wá burú jù. Ìtàn kan wà nínú mi nípa alẹ́ ọjọ́ kan nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyí: "Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí àlejò náà kan ilẹ̀kùn wa." Mo ti sọ ọ́ di "Òjò ti ń ṣú", mo ti sọ ọ́ di "Alẹ́ ọjọ́ òjò kan ni", mo tún dá a padà. Oṣù kẹta rèé. Gbólóhùn kan yẹn náà ni mo ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, kí lẹ ń ṣe sí olóòtú inú orí tiyín?

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo fèsì:

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ètò ìsìnkú yẹn wọ̀ mí lára.

Èmi ń kọ eré oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún rédíò. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Bó dáa, bí kò dáa, àwọn òṣèré á ti jókòó sídìí makirofóònù, wọ́n á máa wo ojú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú ìwé kan ò ní kún. Ọjọ́ kan ni mo ń ṣa ẹ̀wà, àbúrò mi obìnrin pè mí, mo wá ń ròyìn eré ọ̀sẹ̀ yẹn fún un: "Ìwọ ò gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yẹn ṣe? Ó ní òun ò mọ obìnrin náà rí!" Nígbà tí mo fi máa ṣa ẹ̀wà tán, mo ti sọ eré náà parí. Gbogbo ẹ̀ pátá. Pẹ̀lú èébú tí ìyálé máa bú ọkọ.

Láti ìgbà yẹn, n kì í kọ̀wé lákọ̀ọ́kọ́ mọ́, mo ń sọ ọ́. Mo ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀wà, mo ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo ń pe orúkọ àbúrò mi bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Tó bá di alẹ́, mo ń gbọ́ ọ, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún àbúrò ẹ̀ kì í padà sẹ́yìn lọ pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́. Bó bá ṣì í sọ, á ní "rárá, dúró ná, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ dán an wò. Ẹ wá ẹnìkan tó fẹ́ràn yín, kẹ́ ẹ sọ ti àlejò yẹn fún un.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àtúnkà. Mo kọ́ èdè Yorùbá ní iléèwé girama fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn yín: kò sí àṣìṣe kankan nínú "nwọn" àti "aiye" tí ẹ ń rí yẹn.

Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 ló fìdí àkọtọ́ àtijọ́ múlẹ̀, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá sílẹ̀ nígbà náà. Òun ni wọ́n fi tẹ Bíbélì, òun ni wọ́n fi kọ́ àwọn bàbá wa, òun náà ni Fágúnwà fi kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ọdún 1938 ni ìwé náà jáde. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní tí ẹ̀yin ń lò níbi iṣẹ́ yín. Ọdún 36 ló wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá ń tún "nwọn" ṣe, òfin tí kò tíì sí láyé lẹ fi ń dá òǹkọ̀wé lẹ́jọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ kà á sókè. Ẹ jẹ́ kí ẹnu gbé e, kí etí gbọ́ ọ. "Aiye" àti "ayé", bákan náà ni wọ́n ń dún lẹ́nu. "Enia" àti "ènìyàn", kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa mọ èyí tí ẹ kà. Ojú yín ni olóòtú wà, kò tíì dé etí. Ìwé yẹn pàápàá, bí ẹni tó dúró sáàárín agbo tó ń pe èrò ni òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá fi ojú nìkan kà á, ó ti pàdánù ìdajì rẹ̀.

Ọmọ_Òkèlele fèsì:

Mo kí gbogbo ilé.

Ìyá tó bí ìyá mi ń mọ ìkòkò ní Òkèlele ní Ìlọrin. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí. Bí wọ́n bá mọ ìkòkò tán, ara ẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun, ojú ìka wọn máa wà lára ẹ̀ yíká, etí ẹ̀ lè wọ́ sápá kan. Èmi ọmọdé, ọwọ́ mi á máa yún mi. Mo fẹ́ fi omi ra á kó dán. Ìyá á gbá ọwọ́ mi kúrò: "Fi í lẹ̀. Kò tíì gbà."

Wọ́n á gbé e síbòòji. Wọ́n á lọ mọ òmíràn. Ó lè di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó padà wá fi ìka kàn án. Bí amọ̀ bá ṣì lẹ̀ mọ́ wọn níka, wọ́n á tún kúrò nídìí ẹ̀. Ìgbà tí kò bá lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́, tí kò sì tíì le, ìgbà yẹn ni wọ́n máa mú òkúta dídán, wọ́n á wá máa ra á, títí ara ẹ̀ á fi máa tàn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ìkòkò kan jẹ́ rí, nígbà tí ìyá lọ kírun. Mo ra ibi tó gbún, ibẹ̀ rì wọnú, mo tì í láti inú, ẹ̀gbẹ́ kejì ya. Amọ̀ tútù ò gba ọwọ́ méjì.

Ewì ni èmi ń kọ. Lókè gbogbo ohun tí mo bá ń kọ lọ́wọ́, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà: KÒ TÍÌ GBÀ. Bí ọwọ́ mi bá fẹ́ padà sẹ́yìn, mo ń wò ó lókè yẹn. N kì í fọwọ́ kan ewì títí ọjọ́ mẹ́ta á fi pé.

Akọ̀wé_Eré fèsì:

@Ọmọ_Òkèlele, mo ti kọ "kò tíì gbà" sára ògiri mi báyìí. Ẹ ṣeun.

Èmi ń kọ eré fún àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan wà, Peter Elbow, tó sọ ọ́ lọ́dún 1973 pé kí èèyàn máa kọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdúró. Kò sí pé ẹ ń pa nǹkan rẹ́, kò sí pé ẹ ń padà sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ kọ "kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi" títí ọ̀rọ̀ á fi dé. Ó dà bí nǹkan ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá kọ "kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi" lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin ọwọ́ fúnra ẹ̀ á ṣubú sórí nǹkan. Mo ń ṣe é láràárọ̀ kí n tó wẹ̀.

Èkejì. Bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ lọ pa ìlà pupa wínníwínní tó máa ń yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Bí èdè tó wà nínú ẹ̀ bá jẹ́ ti Òyìnbó, gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló máa fi ìlà sí nídìí, "màmá" jẹ̀bi, "ilé" jẹ̀bi. Ẹ tún ronú wò: ẹni tí bírò pupa ń jẹ níbi iṣẹ́ látàárọ̀, ó délé, pupa tún ń dúró dè é lójú kọ̀ǹpútà. Báwo ni ojú náà ṣe máa sinmi? Èmi tún máa ń dín iná ojú ẹ̀ kù pátápátá kí n má lè rí ohun tí mo ti kọ.

Olùtọ́jú_Ìwé fèsì:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀, ẹ kú làákàyè. Ibi ìkówèésí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ti kíkà ni mo sì fẹ́ dá sí.

Àtúnkà, mo mọ àwọn tí ojú wọn rí bíi tiyín. Bí ẹ bá sọ fún olóòtú inú orí pé kó dákẹ́, kò ní dákẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ohun tó rí máa sọnù. Ẹ fún un níwèé pélébé kan. Ẹ fi bébà kékeré sínú ìwé tí ẹ ń kà àti pẹ́ńsù kan, kì í ṣe bírò pupa. Bí ojú yín bá kọ́ nǹkan, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sílẹ̀, nọ́ńbà nìkan, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ máa kàwé lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Sátidé, bí ó bá wù yín, ẹ padà sí àwọn ojú ìwé yẹn, ẹ wò wọ́n dáadáa bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ ò ní rántí ohun tó mú yín kọ nọ́ńbà náà.

Àtúnkà_Ṣómólú fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rí bébà, mo ti rí pẹ́ńsù.

Ìbéèrè kan ló kù, ó sì ń gún mi. Àmì ohùn ńkọ́? Orí fóònù ni mo ti ń kọ̀wé, nínú bọ́ọ̀sì, láàárín Ṣómólú sí Ìkòròdú. Kí n tó tẹ "ọ̀sẹ̀" kan ṣoṣo, mo ti di ìka mọ́ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, mo ti wá àmì tó yẹ, ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bọ́ lọ́kàn mi. Ṣé kí n kọ ọ́ láìfi àmì sí i? Ara mi kọ̀ ọ́. Bí ẹni tó jáde sígboro láìwẹ̀sẹ̀.

Akọ̀wé_Eré fèsì:

Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i! Gbogbo eré mi ni mo kọ́kọ́ ń kọ bẹ́ẹ̀, lásán, láìsí àmì òkè, láìsí ti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá ń fi àmì sí i ni ọjọ́ àtúnṣe, mo sì fẹ́ràn ọjọ́ yẹn gan-an, torí ìgbà yẹn ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì fèsì:

N ò fara mọ́ èyí, ẹ jọ̀ọ́. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi sára ọ̀rọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde. Òun ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú "igba" nìkan: igba tí í ṣe iye, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àkókò, ìgbá tí à ń jẹ, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Èwo lẹ kọ? Ẹni tó ń kọ "igba" lásán, kò tíì pinnu ohun tó ń sọ, ó kàn rò pé òun ti pinnu ni.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo fèsì:

Tíṣà mi, òótọ́ lẹ sọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an lórí ọ̀rọ̀ kan náà yìí. Mo kọ eré kan nípa ẹlẹ́mu. Mo kọ ọ́ láìsí àmì, ọwọ́ mi ń sáré. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo ṣí i, mo rí i níbi tí mo ti kọ "o ju igba re sile, o bu sekun". Ẹlẹ́mu! Ó ní igbá, ó ní igbà, ó lè ju èyíkéyìí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ igbá ló jù sílẹ̀, ẹmu ló dànù. Bó bá jẹ́ igbà ló jù sílẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn, kò ní gun ọ̀pẹ mọ́ láyé. Eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo jókòó, mo ń wò ó, n ò rántí èyí tí mo ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n Tíṣà mi, ká ní mo dúró fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, n ò ní dé ibi tí ẹlẹ́mu ti sunkún rárá. Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé ọ̀rọ̀ tó bá lè tàn mí jẹ lọ́la nìkan ni mo ń fi àmì sí lójú ẹsẹ̀. Ìyókù dúró.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì fèsì:

Mo gbọ́, màmá. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: fóònù ló ń dá Àtúnkà dúró, kì í ṣe àmì. Ẹ mú bírò àti nóòtù. Lórí bébà, àmì òkè kì í gbà ju kí ọwọ́ fò lẹ́ẹ̀kan. Èmi ti kọ àmì ohùn pẹ̀lú ọwọ́ fún ogójì ọdún, kò dá mi dúró rí. Nínú bọ́ọ̀sì pàápàá, ẹ lè fi nóòtù lé orúnkún.

Ọmọ_Peckham fèsì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n dá sí i. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, Ìjẹ̀bú-Òde ni màmá mi ti wá. Mo fẹ́ máa kọ ìtàn ní Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n Àtúnkà, ẹ̀yin mọ èdè jù, olóòtú yín sì ń rí gbogbo nǹkan. Tèmi yàtọ̀. Olóòtú tèmi ní ohùn àǹtí kan tó rẹ́rìn-ín níbi ìsọmọlórúkọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, tó ní Yorùbá mi ń dún bíi ti òyìnbó. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan, mo ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ń bi ara mi: ṣé báyìí ni àwọn ará ilé ṣe ń sọ ọ́? Mo máa wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mo máa pe màmá mi, màmá mi á sọ pé òun wà níbi iṣẹ́, ìtàn náà á sùn síbẹ̀.

Olùtọ́jú_Ìwé fèsì:

Àbúrò mi ní Peckham, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ẹ rántí Amos Tutùọlá. Ìwé ẹ̀ nípa ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu ẹ̀ lọ sílùú àwọn òkú jáde nílùú Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ wà yẹn ní 1952. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló kà, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ ọ́, bí Yorùbá ṣe ń lọ ló ń lọ, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sì fi ọ̀pọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé, wọ́n ní ó ń ba wá jẹ́ lójú òyìnbó. Ká ní ó dúró títí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ á fi tẹ́ wọn lọ́rùn ni, kí là bá máa kà lónìí? Tiyín ni òdìkejì, Gẹ̀ẹ́sì ló ń gba inú Yorùbá yín kọjá. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ná.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì fèsì:

Ọmọ mi, n kò mọ àǹtí yẹn, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa. Ọmọ tó bá fẹ́ sọ èdè ìyá rẹ̀, ọwọ́ ló yẹ ká nà sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò bá ti wá, ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, ẹ fà á nílà nídìí, kẹ́ ẹ máa lọ. Nígbà tí ìtàn bá parí, ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ìlà wá síbí. Àwa la máa bá yín wá wọn. Ẹ má pe màmá níbi iṣẹ́ mọ́.

Mo sì fẹ́ fi ẹnìkan hàn yín. I. B. Thomas ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà ló ń ṣe olóòtú rẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, ó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde níbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: arẹwà tó gbé ayé fàájì, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè lóòótọ́. Ọwọ́ Thomas fúnra rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà náà ti wá. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí olóòtú ń yọ lẹ́nu: olóòtú gidi nìyí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí àṣìṣe, ó sì kọ ìtàn tí kò lè padà sẹ́yìn lọ tún ṣe, torí ohun tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti wà lọ́wọ́ aráàlú. Ohun tó wù ú kó yí padà, inú lẹ́tà tó kàn ló ti máa yí i.

Ọmọ_Peckham fèsì:

Bàbá, mo ka èsì yín fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní kí n bá àwọn dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo ń kọ ọ́ lọ.

Àtúnkà_Ṣómólú fèsì:

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ méjì o. Mo ní kí n má wá lọ́wọ́ òfo.

Ti kíkà ná. Alẹ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà 14 ló wà lórí bébà mi. Mo ń kà á sókè bí Tíṣà ṣe wí, ìyàwó mi ń ká aṣọ, ọmọ wa obìnrin jókòó sórí ibùsùn. Alẹ́ kẹrin, nọ́ńbà mẹ́ta. Alẹ́ kẹfà, mo dé ibi tí iwin kan ti dìde sí Àkàrà-oògùn, ọmọ yìí di ọwọ́ mi mú, ó ní "Bàbá, ẹ má dúró." Mo kà á títí iná fi lọ. A tan fìtílà. N ò mọ ibi tí bébà náà wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo ń kà á sókè bẹ́ẹ̀ ni mo rí nǹkan kan tí mo ti fo kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ rántí bí ìtàn yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀: bàbá arúgbó kan ló wá bá akọ̀wé, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Akọ̀wé yẹn ò sọ fún bàbá pé "ẹ dúró, gbólóhùn yín yẹn gùn jù." Ó ń gbọ́, ó ń kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Mo wá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo mú nóòtù, Tíṣà, kì í ṣe fóònù. Mo fi àga kan sí iwájú mi, mo sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi àgbà tó wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló jókòó síbẹ̀, òun ló ń sọ ọ́, èmi kàn ń bá a kọ ọ́. Wọ́n ti di olóògbé. Mo sunkún díẹ̀, n ò purọ́. Ojú ìwé márùn-ún ni mo kọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

N ò fi àmì sí i tán, Tíṣà, ẹ foríjì mí, ọwọ́ ò lè bá ohùn wọn sáré. Mo fẹ́ fi ìpínrọ̀ kan síbí bó ṣe wà nínú nóòtù gẹ́lẹ́. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tún un ṣe:

*Ojo n ro, kii se ojo nla, iru eyi tii maa n ro titi di aaro ni. Mama n yan agbado leyin ile labe paanu, won n fi abebe fe ina, eefin n wo inu ile. Baba o si nile, won lo si (oruko oja). Enikan kan ilekun. Mama ni ka ma si i. O tun kan an. Egbon mi lo dide. Okunrin kan lo wa nibe, ojo ti pa a de egungun, o gbe apo idoho kan mora bi eni gbe omo, o ni nibo ni mama wa. O pe mama loruko. Oruko ti mama n je ki won to fe baba. Mama ju abebe sile.*

Akọ̀wé_Eré fèsì:

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó fẹ́ bàbá! Ta ni ọkùnrin náà?

Ọmọ_Òkèlele fèsì:

Mo gbọ́ òórùn èéfín yẹn níbí. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo fèsì:

Àbúrò, mo ka èyí fún àwọn ìbejì mi. Taiwo ní ọmọ ló wà nínú àpò náà. Kẹ́hìndé ní owó ni. Wọ́n ti ń jà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì fèsì:

Àtúnkà, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bírò mi wà lórí tábìlì, n kò mú un.

Kí ló wà nínú àpò ìdọ̀họ náà?